Bí mo ṣe fi PresharedKey sí WireGuard ẹ̀gbọ́n mi

Orí sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí mo yá ní Jámánì ni ìṣirò ọjà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà. Láti ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn ní Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo, ni wọ́n ti ń ṣí i, Wi-Fi aládùúgbò ni wọ́n sì ń lò. Wi-Fi yẹn ló bà mí lẹ́rù tí mo fi gbé WireGuard wọlé, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá láàárín ẹ̀rọ méjì pamọ́ fún ẹlòmíràn.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ àti ti gbangba ni WireGuard fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan sì ti tó. Àmọ́ àyè wà fún òmíràn, PresharedKey, tó gbọ́dọ̀ rí bákan náà ní ìhà méjèèjì. Ẹnì kan lè tọ́jú ohun tó ń kọjá lónìí, kó wá fi kọ̀ǹpútà kuọ́ńtọ̀m, irú èyí tí wọ́n ní ó máa lè já kọ́kọ́rọ́ òde òní, tú u lọ́jọ́ iwájú. Èyí ló máa dí i lọ́nà. Kí n má parọ́, ta ló fẹ́ dúró di ìgbà yẹn nítorí iye tí ẹ̀gbọ́n mi ta àdìrẹ? Ó kàn wù mí ṣe ni.

Mo tẹ wg genpsk, àṣẹ tó ń ṣe PresharedKey, lórí sáfà. Àmì 44 ló jáde, = ló gbẹ̀yìn wọn. Nínú fáìlì WireGuard sáfà, mo fi í sí ìpín Peer (ẹ̀rọ ìhà kejì) tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù wọn. Mi ò fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ni mo bá fi bírò dà á kọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá láti Òkè-Fìà.

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù. Kẹ́kẹ́ pa! Ó ń ránṣẹ́, kò rí nǹkan kan gbà, gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 5 ló ń tún un gbìyànjú. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn: kò ní sọ pé kọ́kọ́rọ́ ò bára mu. Mo fura sí Wi-Fi, mo fura sí pọ́ọ̀tù 51820 tí WireGuard ń gbà, mo tiẹ̀ fi dátà ara mi dán an wò.

"Àbúrò mi, ṣé o ò ní jẹun ni?"

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, mà."

Mo gba SSH, ọ̀nà tí mo fi ń darí sáfà láti òkèèrè, wọ sáfà, mo yọ ìlà PresharedKey kúrò níbẹ̀ àti lórí láptọ́ọ̀pù. Ó wọlé wàrà. Mo tún ìwé mi wò: òdo kan wà níbẹ̀ tí mo tẹ̀ ní lẹ́tà O. Ká ní mo fo ẹyọ kan ni, áàpù náà ì bá kọ̀ ọ́. Àmọ́ 44 ṣì pé, ló bá gbà á.

Ibẹ̀ ni ojú tì mí. SSH tó wà níwájú mi yìí ti ní ààbò tirẹ̀; mo kàn lè kọ́pì kọ́kọ́rọ́ láti ibẹ̀, láìfi bírò kan nǹkan kan. Mo ṣe òmíràn, mo kọ́pì í, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ wg show láti wo bó ṣe ń lọ, latest handshake ti yọjú, ìyẹn ni pé ìhà méjèèjì ti gbọ́ra. Fún fóònù wọn, mo ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo fi qrencode sọ gbogbo fáìlì WireGuard rẹ̀ di àwòrán QR, wọ́n sì fi kámẹ́rà gbà á.

Ìwé yẹn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú síná tí wọ́n fi ń yọ́ àbẹ́là.