Wáyà Ọkọ̀ Tí A Yí Kúrò Ní Gíà Mánúà Sí Ọ́tò

Bí gíà ọ́tò bá wọlé tán tí ọkọ̀ wá kọ̀ tí kò sítáàtì, ẹ má tíì fọwọ́ kan sítátà. Ibi tí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mánúà, iná sítátà ń gba inú súìsì kan tó wà lára pẹ́dà yẹn. Nígbà tí pẹ́dà ti lọ, ọ̀nà iná ti já nìyẹn.

Àwọn kan á kàn lẹ wáyà méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ á sítáàtì lóòótọ́, àmọ́ á máa sítáàtì nínú D (gíà ìlọsíwájú) náà, á sì fò lu ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Súìsì ipò gíà tó wà lára gíàbọ́ọ̀sì ọ́tò ló yẹ kó gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ gbé mítà sí ohm, kí ẹlòmíì máa yí gíà. Ẹsẹ̀ (pínnì) méjì tó bá pàdé nínú P (ìdúró) àti N (gíà òfo), tó sì já nínú R (rìfáásì) àti D, lẹ ń wá. Òun ni kí ẹ so wáyà kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì mọ́. Bí súìsì náà bá kéré fún iná tó ń kọjá, ẹ fi rìléè (súìsì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sítáàtì nínú P tí kò sítáàtì nínú N, ẹ má wá wáyà kiri: súìsì tàbí kébù gíà ni kò jókòó síbi tó yẹ.

Wáyà méjì tó wà lára súìsì iná rìfáásì àtijọ́ ń lọ sí ẹsẹ̀ méjì tó ń pàdé nínú R. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì tàbí gíà) ló ń gba àkókò. Ti mánúà kò lè darí sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù oníná) gíà ọ́tò, nítorí náà ẹ ó lo ti ọ́tò, tàbí kí gíà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ bá ní ààbò kọ́kọ́rọ́ (tí kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ àjèjì sítáàtì ọkọ̀), ẹ gbọ́dọ̀ kọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ bréènì bọ́ọ̀sì tuntun. Bréènì bọ́ọ̀sì gíà nílò iná tí kì í kú, iná ìgnísọ̀n, áàtì (wáyà négátífù), sẹ́ńsọ̀ tọ́rótù, sẹ́ńsọ̀ ìyára ìwọlé àti ìjáde gíà, àti wáyà iná bíréékì. Wáyà bíréékì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ọkọ̀ tó ní títì P kò ní jẹ́ kí gíà kúrò nínú P láìsí i.

Bí ọkọ̀ bá há sínú gíà kan ṣoṣo, ẹ fi skánà ka kóòdù àṣìṣe. P0705 ń tọ́ka sí súìsì ipò gíà, P0715 sí sẹ́ńsọ̀ ìwọlé, P0720 sí ti ìjáde. U0101 túmọ̀ sí pé bréènì bọ́ọ̀sì gíà kò dáhùn. Ẹ yọ bátìrì, ẹ wọn ẹsẹ̀ 6 àti 14 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì skánà: nǹkan bí 60 ohm ló dára lórí ọkọ̀ tó ń lo CAN (wáyà méjì tí àwọn bréènì bọ́ọ̀sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀). Bí ó bá jẹ́ 120, rẹsístọ̀ ìkángun wáyà náà kan ti já.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá wáyà áàtì gíàbọ́ọ̀sì padà. Ẹ fi mítà sáàárín ara gíàbọ́ọ̀sì àti orí négátífù bátìrì bí ẹ ṣe ń sítáàtì. Kò yẹ kó ju 0.2 fóòtì lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, iná á wá ọ̀nà gba inú kébù gíà tàbí kébù tọ́rótù padà, á sì sun ún.