Bí mo ṣe ra ọkọ̀ tó dùn ún wà, tí kì í sì í dá mi dúró sọ́nà

Ẹni tó bá mọ̀ mí l'Ádó-Èkìtì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ BMW lọkàn mi wà. Kì í ṣe tuntun olówó gọbọi o. E46 ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2006, pàápàá 330i tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3 onísìlíńdà mẹ́fà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Bí èèyàn bá ti fi wọ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àmọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe. Ẹsẹ̀ irin tí a ń gbé ẹ̀rọ lé, àwọn píláà tí a ń rì mọ́lẹ̀, àtàwọn ọmọ iṣẹ́ ni mò ń kó sínú ọkọ̀. Lónìí Ẹmùré, lọ́la oko kan lẹ́yìn Ìsẹ̀ tí ọ̀dà ò dé rí. Ìyá Dárà náà ń gbé ọkọ̀ ọ̀hún jáde. Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ kọ iṣẹ́ tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ BMW nínú ilé, kò bá mi jiyàn. Ó ní: "Bàbá Dárà, ẹ ra èyí tó bá wù yín. Ọjọ́ tó bá dákú mọ́ èmi àtàwọn ọmọ lọ́wọ́ lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wá pọ̀n wá lọ sílé."

Mo jókòó, mo kọ gbogbo ibi tí mò ń gbé ọkọ̀ dé sórí ìwé, kì í ṣe ibi tí mò ń lálàá pé mo máa gbé e dé. Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkèṣà sí Fájuyì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ọjà, àti ọ̀nà oko. Ibi tí mo ti ń gbádùn ọkọ̀ wíwà gan-an ò ju ọ̀nà kan lọ: kí n gba Ìyìn àti Ìgèdè, kí n ré Arámọkọ kọjá, kí n já sí oríta Itawure, kí n máa gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kọ́nà lórí kọ́nà ni. Níbẹ̀ náà, ẹni tó bá sá ju 80 kìlómítà lọ ní wákàtí kan ń fi ẹ̀mí ṣeré, torí èèyàn ò mọ ìgbà tí tírélà máa yọ.

Mo wá bi ara mi pé agbára ẹṣin 231 tí 330i ní, ibo ni mo fẹ́ lò ó sí? Ohun tó ń dùn lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni sítíárìn tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tí táyà ń ṣe, ṣọ́ọ̀kì tó dúró, àti bíréèkì tí kì í tanni. Wọn kì í ka ìyẹn mọ́ agbára ẹ́ńjìnnì. Ibi tí èrò mi ti yí padà nìyẹn.

Kí n tó wo ọkọ̀ kankan, mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́káníìkì mi. Mi ò bi í pé ọkọ̀ wo ló dáa, torí Toyota ni gbogbo mẹ́káníìkì máa fi dáni lóhùn. Mo bi í pé bí nǹkan báyìí bá bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣé mo lè fi ọkọ̀ náà lọ sóde ní Sátidé? Fún Toyota àti Honda, ó ní: "Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀gá." Fún BMW, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà l'Ádó, wọn ò kàn pọ̀ ni, àti pé Ládípọ̀ l'Ékòó ni wọ́n ti máa fi ọ̀pọ̀ páàtì rẹ̀ ránṣẹ́. "Tó bá jẹ́ ọkọ̀ kejì lẹ fẹ́ rà, mi ò ní sọ̀rọ̀." Mi ò sì lówó ọkọ̀ méjì.

Síbẹ̀, mo lọ wo E46 kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná sí i kí n tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn pamọ́. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Mo wá lọ tààrà síbi tí ọkọ̀ yìí ti ń jẹ owó olówó, ìyẹn ọ̀nà tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára. Ike ni àgbá omi rẹ̀, ike ni ọ̀pọ̀ ohun tó so páìpù mọ́ra, ooru a sì máa gbẹ ike lọ́dọọdún títí á fi sán. Mo tan iná fóònù sí i. Ìlà funfun tín-ín-rín kan wà níbi tí wọ́n ti lẹ ike méjì pọ̀, ó rí bí iyọ̀ gbígbẹ. Omi ti ń jò níbẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí o, ẹ̀yin tí E46 ń wù bíi tèmi. Géèjì ooru rẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ọwọ́ rẹ̀ máa dúró gbagidi ní àárín láti nǹkan bíi 75 títí yóò fi kọjá 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kó tó kúrò lójú kan, orí ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, lè ti tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú síkánà dání, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀. Mo kì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, a gbé ọkọ̀ bọ́ sínú gosíló Ajílósùn, mò ń wo iye gidi: 99, 103, 107. Géèjì ò mira. Mo pa á, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó dùn mí o, torí ọ̀nà tó gbà wọ kọ́nà tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Corolla 2005 tí mo wò tẹ̀ lé e ò ní ẹ̀sùn kankan. Ẹ́ńjìnnì 1.8 rẹ̀ ń lo ṣéènì, kì í ṣe bẹ́líìtì tí èèyàn ní láti máa pààrọ̀, páàtì rẹ̀ wà níbi gbogbo. Bí mo ṣe wà á tán ni mo gbàgbé rẹ̀.

Honda Accord 2003 sí 2007, tí gbogbo wa ń pè ní End of Discussion, ni mo wá fàbọ̀ sí. Double wishbone ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀: apá irin kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá tẹ̀ nínú kọ́nà, táyà á ṣì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Corolla ò ní in. Mi ò wo V6, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3 onísìlíńdà mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mejì. Agbára ẹṣin bíi 240 ni tirẹ̀, onísìlíńdà mẹ́rin tó jẹ́ lítà 2.4 ní bíi 160, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ máa bọ́ lítà 3? Ní 2004, Honda fúnra wọn pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà nítorí jíà, Accord V6 2003 àti 2004 sì wà lára wọn. Bẹ́líìtì ni V6 tún ń lò, ṣéènì ni 2.4.

Jíà ni mo dúró tì jù. Mo wà á títí ó fi gbóná, mo pa á, mo dúró bí ìṣẹ́jú kan, mo wá fa ọ̀pá ọ́ìlì jíà; ti Honda, lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì la ń wò ó. Mo nù ún sórí tíṣù funfun: ó pupa, kò rùn bí ohun tó jóná. Oníṣòwò tó ń ta ọkọ̀ náà ní ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà, ni wọ́n rọ sí i, pé ọ̀kan náà ni gbogbo ATF. Rárá o. Honda ní tirẹ̀; ATF-Z1 ni tẹ́lẹ̀, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀. Owó tí màá fi pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú iye tó pè. Mo tún ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà: 2214, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014. Ojú táyà ṣì ń dán, ara rẹ̀ ti gbó. Mo yọ owó táyà náà kúrò.

A gbé e dé Ẹ̀fọ̀n, ọ̀gá mẹ́káníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ iṣẹ́ oníṣòwò lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ látìgbà tí a ti kúrò ní Itawure. Lórí òkè, jíà ò ta, omi ò gbóná. Mo sanwó.

Owó tí ǹ bá fi ra agbára, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo ná an lé: ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, búúṣì apá iwájú, omi bíréèkì tuntun, àti táyà 205/60. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn ga tó mìlímítà 123. Ti 225/45 tí wọ́n máa ń fi sí 330i ò ju 101 lọ, kòtò wa ò sì mọ ríìmù. Lẹ́yìn aláínímẹ́ǹtì, ọkọ̀ náà di ohun mìíràn. Ohùn onísìlíńdà mẹ́fà ni kò ní, mi ò ní parọ́.

Ó ku ẹ́ńjìnnì síítì apá ọ̀tún, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó ń gbọ̀n díẹ̀ bí mo bá dúró ní gosíló tí AC wà lórí. Ìyá Dárà ní òun ò mọ gbígbọ̀n kankan lára, AC ṣáà ń tutù.