Bí mo ṣe kó fóònù kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù Màámi kúrò nílé

Garawa ọ̀dà kan wà lábẹ́ ibùsùn Màámi ní Mọ́lété tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Láti ìgbà tí GSM ti wọ Nàìjíríà ní 2001, gbogbo fóònù tó bá kú nílé wa, ibẹ̀ ló ń sùn. Bí mo bá ní ká kó wọn dànù, èsì rẹ̀ kò yí padà: "Ó ṣì ń bọ̀ wá wúlò." Ìgbà tí eku sọ garawa náà di ìtẹ́ ló tó yọ̀ǹda fún mi.

Mo da ohun gbogbo sórí ẹní lẹ́yìnkùlé: fóònù mọ́kànlá, ṣájà rẹpẹtẹ, ìyáàpíìsì tó ti ta kókó mọ́ra. Ẹ̀yìn fóònù kan ti ṣí fúnra rẹ̀, bátìrì inú rẹ̀ wú bí pọ́fù-pọ́fù. Gáàsì ló ń wú u bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun gún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ pé kó lè wọlé padà, torí ó lè gbiná lójijì. Mo rọra mú un jáde, mo fi sẹ́lótéèpù bo ibi tí irin ti yọ lẹ́nu rẹ̀, mo rì í sínú iyanrìn gbígbẹ nínú agolo, mo sì gbé e jìnnà sí ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ símù àti mẹ́mórì. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú mẹ́mórì kan; ọmọ náà ti ń múra Wáẹ́ẹ̀kì báyìí.

Ibi tí mo ti ń pa ohun inú wọn rẹ́ ni mo ti ṣìṣe. Android mẹ́ta ṣì tàn lẹ́yìn tí wọ́n sùn sídìí ṣájà mọ́jú. Méjì kò yọ mí lẹ́nu: mo yọ àkáǹtì Google kúrò, mo sì ṣe rísẹ́ẹ̀tì láti inú sẹ́tíǹgì. Ẹ̀kẹta, Màámi ti gbàgbé pátáánì rẹ̀, mo bá fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe é. Ohun gbogbo pa rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe tàn ló ń béèrè ímeèlì àti páásíwọọ̀dù àtijọ́. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo bi Màámi.

"Ọmọ tó tà á fún mi ló ṣe gbogbo ìyẹn."

Fóònù tó yẹ kí n fi ta àbúrò mi lọ́rẹ di èyí tí wọ́n máa tú ta.

Mo wọ máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé Queen Cinema, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹnjiníà kan tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: sikirínì lọ́tọ̀, ẹnu ṣájà lọ́tọ̀, pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó inú fóònù tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, lọ́tọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń wò jù, torí bàbà, fàdákà àti wúrà díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní ₦7,000, mo ní ₦12,000. A parí ẹ̀ sí ₦9,500 fún mẹ́wàá.

Wáyà ṣájà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ra irin ti ń gbé e sórí ìwọ̀n kí n tó bi í bó ṣe máa yọ bàbà inú rẹ̀.

"A ó sun ún ni, àǹtí."

Mo gba wáyà mi padà. Èéfín irú rọ́bà yẹn ní májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin, ẹni tó ń sun ún ló sì ń kọ́kọ́ fà á símú. Ohun tó dùn mí ni pé Yunifásítì Ìbàdàn gan-an ni ibùdó àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà wà, àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtírí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí wọ́n ṣe ní 1989, ọdún kan lẹ́yìn tí àṣírí pàǹtírí olóró láti Ítálì tú ní ìlú Kókó. Síbẹ̀ n kò rí ibi tí mo lè ju bátìrì kan sí ládùúgbò wa. Èyí tó wú yẹn ṣì wà nínú iyanrìn. Ẹnjiníà ló júwe bàbá kan tó ń fi bíléèdì bó wáyà fún mi. Owó rẹ̀ kéré, mo gbà á.

Nokia 1100 onítọ́ọ̀ṣì ti Màámi ló kù. Ọdún 2003 ló jáde, èyí tí wọ́n tà lé ní 250 mílíọ̀nù, síbẹ̀ ẹnjiníà kò fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Mo gbé e wálé. Màámi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì BL-5C tó rà sí i kẹ́yìn. Mo gbà á, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo yí i. Kò pòòyì, kò tíì wú nìyẹn. Màámi tì í bọ inú rédíò kékeré rẹ̀, ó fi sídìí iná. Bó ṣe yọ ọ́, kò lò tó wákàtí kan kó tó kú, àmọ́ ìròyìn aago méje ti parí nígbà yẹn.

Ó wá bi mí níbi tí mo gbé garawa òun sí.