Bí o ṣe lè yẹ ìṣirò ìkọlù olọ́pọ̀-ìgbésẹ̀ wò kí o tó fọkàn tán an

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe másítà nínú físíìsì núkílíà, "o" ni n ó máa lò níbí, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ ní láàbù. Ká ní ọ̀gá rẹ ní kí o ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nútírọ́ọ̀nù 14 MeV bá kọ lu niobium-93. TALYS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìkọlù núkílíọ̀sì, á fa ìlà kan fún ọ, ìlà náà á sì gba àárín àwọn àmì dátà kọjá. Má tíì yọ̀. Ìlà lè bá dátà mu kí ìgbésẹ̀ kejì tó wà nínú rẹ̀ (ìkọlù kejì tí nútírọ́ọ̀nù náà ṣe nínú núkílíọ̀sì kan náà) má rí bí o ṣe ṣírò rẹ̀ rárá.

Niobium dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí isotope kan péré ló ní nínú irin tí wọ́n ń wà nílẹ̀, kò sí àdàlù tí yóò da ìṣirò rú. Lọ sí EXFOR, àkójọ dátà tí IAEA ń tọ́jú ní Vienna, kí o sì gba èyí tó ní agbára àti igun pa pọ̀. Èyí tó ní agbára nìkan kò tó. Lápá ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi 1 sí 3 MeV, òkìtì ńlá kan wà: nútírọ́ọ̀nù tó jáde lẹ́yìn tí núkílíọ̀sì ti gbàgbé ibi tí ohun tó kọ lù ú ti wá. Ní òkè pátápátá, àwọn tó lu ẹyọ kan (pírótọ́ọ̀nù tàbí nútírọ́ọ̀nù inú núkílíọ̀sì) tí wọ́n sì kọjá lọ. Àárín méjèèjì, láti 5 dé 10 MeV, ni iṣẹ́ wa wà.

Ní 1980, Feshbach, Kerman àti Koonin (FKK) pín àárín yìí sí ọ̀nà méjì. Nínú ọ̀kan, ó kéré tán ẹyọ kan wà lómìnira ní gbogbo ìgbésẹ̀. MSD (multistep direct) ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ máa ń kọjú síwájú. Nínú èkejì, MSC (multistep compound), gbogbo ẹyọ ló há sínú núkílíọ̀sì, ohun tó ń jáde sì dọ́gba níhà méjèèjì 90°. Igun ló máa sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Bí a ṣe máa pín ìkọlù láàárín ọ̀nà méjèèjì ní agbára kékeré bíi 14 MeV yìí, ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ẹ̀.

Ó yá, ṣe é. Kọ `preeqmode 4` sínú fáìlì input, torí pé TALYS fúnra rẹ̀ kì í lo MSD bí o kò bá sọ fún un. Exciton model, tó kàn ń ka iye ẹyọ tí ìkọlù ti ru sókè, ló ń lò. Lẹ́yìn náà, tún un ṣe pẹ̀lú `onestep y`, kí o yọ ìkan kúrò nínú èkejì. Ohun tó ṣẹ́ kù ni gbogbo ìgbésẹ̀ kejì sókè. Ní 14 MeV, díẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ rí wọn dáadáa, lọ sí pírótọ́ọ̀nù 160 MeV lórí zirconium-90, kí o wo igun ẹ̀yìn.

Ibi tó yẹ kí o dúró sí jù lọ ni V0, iye tó ń sọ bí agbára láàárín ẹyọ méjì ṣe le tó. Nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò FKK, agbára tó wà láàárín ẹyọ méjì ni wọ́n fi fọ́múlà Yukawa tó gùn tó 1 fm ṣe, wọ́n á wá máa yí V0 títí ìlà á fi bá dátà mu. Fi bírò ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ: ìgbésẹ̀ kan ń lọ pẹ̀lú V0², ìgbésẹ̀ méjì pẹ̀lú V0⁴. Fi 10% kún V0, èkíní á pọ̀ sí i ní 21%, èkejì ní 46%. Ìyẹn ni pé bí V0 bá ń ru ẹrù ẹlẹ́rù, ìgbésẹ̀ kejì ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹrù ta ni? Ti ìmìtìtì gbogbo núkílíọ̀sì lápapọ̀, tí àwọn kan kì í kà mọ́ ọn. Dupuis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CEA, àjọ ìwádìí agbára átọ́ọ̀mù ilẹ̀ Faransé, fi QRPA (ọ̀nà tó ń ṣírò ìmìtìtì láti inú àwọn ẹyọ fúnra wọn) kó ìmìtìtì yẹn wọlé fún uranium-238 láìsí V0 tí wọ́n ń yí. Lójú tèmi, ọ̀nà tó yẹ kí a máa tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ ń gba àkókò kọ̀ǹpútà.

Wàyí o, bèèrè ibi tí ìgbì lọ. Ìgbésẹ̀ méjì nínú FKK jẹ́ cross section (ìwọ̀n bí ìkọlù ṣe ṣeé ṣe tó) ìgbésẹ̀ kan ní ìlọ́po cross section ìgbésẹ̀ kan, tí a kó jọ lórí gbogbo igun àti agbára tó wà láàárín. Ìgbì tó yẹ kó pàdé, kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n pa ara wọn, a ti dà wọ́n nù, a ní phase wọn (ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan dé nínú lílọ sókè-sódò rẹ̀) ò ní ètò. Àìlétò ti ta? FKK fi í lé ẹyọ tó ń sáré lọ́wọ́. Nishioka, Weidenmüller àti Yoshida, ní 1988, fi í sí núkílíọ̀sì tó ṣẹ́ kù, fọ́múlà tó sì jáde ò rọrùn bíi ti FKK mọ́. Koning àti Akkermans gbé wọn síwájú ara wọn ní 1991; ka tiwọn kí o tó yan ẹ̀gbẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. DWBA (distorted wave Born approximation, ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ìgbésẹ̀ kan) tí gbogbo wa mọ̀ ní ìgbì χ⁻, ti ẹyọ tó ń jáde, lápá òsì, χ⁺, ti èyí tó ń wọlé, lápá ọ̀tún. Nínú fọ́múlà FKK gan-an, láàárín ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀, irú kan náà ló wà lápá méjèèjì, èyí sì ń mú kí a máa fi S-matrix (èyí tó ń sọ bí ìgbì tó jáde ṣe ṣẹ́ kù sí lẹ́yìn tó wọlé) pín. Níwọ̀n bí núkílíọ̀sì ti ń gbé díẹ̀ nínú ìgbì náà mì, S kéré sí 1, pípín yẹn á sì wú ìgbésẹ̀ kejì kọjá ààlà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe ni pé wọ́n lo DWBA lásán, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Dátà gbè wọ́n, àmọ́ rántí ẹni tó yí V0.

Nínú tíísì rẹ, kọ iye V0, kọ DWBA tí o lò, kọ ibi tí o fi àìlétò sí. Ya 30° àti 150° sọ́tọ̀, má sì fi log scale nìkan hàn wá. Àṣìṣe ìlọ́po méjì ń sá pamọ́ síbẹ̀ dáadáa. Bí ìlà 150° rẹ bá wà nísàlẹ̀ dátà, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o sì kọ iye tó fi wà nísàlẹ̀.