Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Jáwọ́ Nínú Ṣíṣọ́ Ojú Ara Mi

Ohun mẹ́ta ló ń hàn sí mi lójú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Okùn tín-ín-rín kan wà tó ká bí irun, àmì dúdú méjì sì ń tẹ̀lé e kiri. Tí mo bá gbójú sókè lọ́sàn-án, àwọn ìmọ́lẹ̀ wínníwínní á máa sáré lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá sì paná lálẹ́, òkùnkùn á máa rú bí ojú tẹlifíṣọ̀n tí kò mú stéṣọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí dókítà yẹ ojú náà wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí n jáwọ́ nínú ṣíṣọ́ wọn. Ìgbẹ̀yìn yìí ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àyẹ̀wò dókítà kò gbà ju ọjọ́ kan lọ.

Àwọn àmì kan wà tí ẹni tó bá ní wọn kò gbọ́dọ̀ dúró ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Bí àmì dúdú bá ya bo ojú lójijì bí ìgbà tí èèyàn da èédú lílọ̀ sínú omi, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ ojú, tàbí bí òjìji kan bá ń wọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bíi kọ́tìnì tí wọ́n ń fà, rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, lè ti ya tàbí kó ti máa ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú tó ṣàdédé dí, ojú tó pọ́n tó ń roni gan-an pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì, tí òṣùmàrè sì yí gílóòbù ká, àti ojú tó ṣókùnkùn nígbà tí apá kan rọ tàbí tí ẹnu wọ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa láìlo gíláàsì, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lójú, àti ẹni tí nǹkan gbá lójú, kí wọ́n tètè gbéra ju àwọn yòókù lọ.

Tèmi kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, síbẹ̀ mo lọ. Ibi tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, wọ́n gbé lẹ́ńsì sí mi lójú, wọ́n sì sọ iye gíláàsì fún mi. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ojú. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó nílò gíláàsì, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè ẹni tí nǹkan ń léfòó lójú rẹ̀, ìbẹ̀rù á sì tún máa bá a sùn. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé kí wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú, kí wọ́n wo rẹ́tínà ojú méjèèjì dé etí, kí wọ́n wo iṣan tó gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá inú ojú. Ìfúnpá náà sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21 mmHg. Ó ṣe pàtàkì fún wa nílẹ̀ yìí nítorí pé glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ìríran náà jẹ́, pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, kì í sì í ké kó tó jalè. Ẹni tó bá ní in lè máà rí ohunkóhun tó ń léfòó rárá.

Ní agbègbè wa, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ẹ̀ka ojú ń gba aláìsàn, kí ẹ má baà wọkọ̀ lásán láti Ìjẹ̀bú-Òde. Oògùn náà máa ń ta ojú díẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó la ọmọlójú tán. Lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni ìwé kíkà á fi ṣe bàìbàì, oòrùn á sì máa gún ojú. Ẹ má wa mọ́tò lọ, ẹ má sì gun ọ̀kadà fúnra yín padà. Ẹ mú gíláàsì dúdú dání tàbí fìlà etí gbòòrò. Nǹkan tó gbà mí lọ́jọ́ náà ni bébà kékeré kan tí mo ti kọ nǹkan sí láti ilé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ojú tó wà, bó ṣe ń pẹ́ tó, bóyá ẹ̀fọ́rí ń tẹ̀lé e, gbogbo oògùn tí mo ń lò títí kan àgbo, àti ẹni tó ní glaucoma, àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí nǹkan wọ̀nyí lórí ìjókòó dókítà. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà lọ́jọ́ kan náà, nítorí méjèèjì ń ba rẹ́tínà jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo béèrè nípa gàrí lọ́wọ́ dókítà, nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọn ò tíì sọ fún pé gàrí ń fọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní gbòǹgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn kọ ìwádìí jáde ní 1968 nípa àìsàn kan láàárín àwọn tó fi ẹ̀gẹ́ ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́: ojú wọn ń ṣú, ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, etí wọn sì ń di. Ní 2000, àwọn olùwádìí mìíràn kọ ọ́ pé ó ṣì wà ní Ọ̀sọ̀sà, ìtòsí wa níhìn-ín. Májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jinlẹ̀ ni wọ́n fura sí jù, pàápàá lára ẹni tí kì í rí ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹran jẹ. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó lo ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ òkúta kí wọ́n tó yan án, ti pàdánù ọ̀pọ̀ májèlé yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àìsàn náà ń mú ojú méjèèjì ṣú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Okùn tó ń léfòó kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí dókítà ti ní rẹ́tínà dá, ó wá kù kí n mọ ohun tí mo ń rí. Àyẹ̀wò méjì péré ni mo ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, lẹ́yìn náà èkejì: ohun tó bá wà nínú ẹyinjú kan á pòórá nígbà tí ẹ bá bo ojú náà, èyí tó bá ti ọpọlọ wá á máa hàn síbẹ̀ nínú ojú tó kù. Lẹ́yìn èyí mo yí ojú sápá òsì kíákíá, mo sì dúró. Okùn náà sáré tẹ̀lé e, ó kọjá ibi tí mo dúró sí, ó sì ń rọra fò padà. Èyí ni pé inú omi jẹ́lì tó kún ẹyinjú ló wà: fọ́nrán inú jẹ́lì náà ti lọ́ pọ̀, òjìji wọn ló ń bọ́ sórí rẹ́tínà. Bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ ni jẹ́lì náà ń ṣàn sí i.

Àwọn ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré lójú ọ̀run yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n, tí wọ́n ń kọjá nínú iṣan wẹ́wẹ́ iwájú rẹ́tínà. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù mọ́ra, funfun kì í gbà á, ìdí nìyí tí òfìfo kékeré náà fi ń tàn. Ẹ wò wọ́n dáadáa lẹ́ẹ̀kan: ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń yára sí i bí ọkàn bá ṣe ń lù, wọn kì í sì í dé àárín gbùngbùn ibi tí ẹ tẹjú mọ́, nítorí kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ dá ló ní wọn.

Rírú inú òkùnkùn náà wà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wà tọ̀sán-tòru ju oṣù mẹ́ta lọ, tí àwòrán nǹkan ń dúró lójú lẹ́yìn tí ẹ ti gbójú kúrò, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ni yín lára, ẹ sọ fún dókítà; àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní orúkọ fún un, *visual snow syndrome*, kì í sì í fọ́jú. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń tàn, tó bẹ̀rẹ̀ kékeré tó ń fẹ̀, tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọgọ́ta kó tó lọ, túúlu ló sábà ń jẹ́, ẹ̀fọ́rí ì báà tẹ̀lé e tàbí kó má tẹ̀lé e. Ẹ fi aago wọn ọ́n. Ìpéǹpéjú tó ń gbọ̀n, tí wọ́n máa ń sọ pé ẹkún ló ń pè, àìsùn àti kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, ló sábà wà nídìí rẹ̀. Obì tí a ń jẹ láti Ṣágámù kún fún kaféènì. Mo dá a dúró láti ọ̀sán lọ.

Ibi tí ìbẹ̀rù ti wọlé nìyí. Bí ara bá fòyà, ọmọlójú á là, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù, ohun tó wà nítòsí á ṣe bàìbàì. Èémí á di kúkúrú kíákíá, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, á lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún, òòyì á kọ́ni, ojú á sì dà bíi pé èèyàn ń wo inú páìpù. Ẹni náà á wá ní, “Ẹ ò rí i, ojú mi ń lọ.” Á tún tẹjú mọ́ ọn. Ọpọlọ sì jẹ́ ohun tó ń pa òjìji tí kò wúlò tì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wá òjìji náà kiri ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó má pa á tì mọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Paul Salkovskis àti Hilary Warwick, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986 pé ìdánilójú tí onírú ìbẹ̀rù yìí ń tọrọ lọ́dọ̀ ènìyàn máa ń tù ú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á mú kí ìbẹ̀rù náà pẹ́ sí i.

Mo ka ẹ̀wà olóyin ogójì sínú àpò ọ̀tún ṣòkòtò. Ìgbàkígbà tí mo bá yẹ ojú wò, hóró kan á bọ́ sí àpò òsì. Wíwo ògiri funfun jẹ́ hóró kan. Bíbo ojú kan, títan tọ́ọ̀ṣì sójú níwájú dígí, bíbi Google léèrè, bíbi ará ilé pé “ẹ bá mi wò ó, ṣé ó pọ́n?”, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hóró tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kíkà nìkan, láìdín nǹkan kan kù. Ogójì náà tán kó tó di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mo sì ní láti bu kún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí èèwọ̀, ìdádúró ló wà: tó bá ṣe mí bíi kí n wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́kọ́ kọjá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdádúró náà ni pé ìfẹ́ láti wò máa ń ga, á dé òkè, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wò kó tó rọlẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ń rọlẹ̀.

Ìdáwọ́lé kan dojú rú. Mo fi rúlà ya àpótí onílà kan, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìbú àti òró, ojú ogún lọ́nà ogún, pẹ̀lú àmì dúdú láàárín, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìlà ń wọ́ lójú ẹni. Àwọn tí àárín rẹ́tínà wọn ní àrùn ló yẹ fún. Lọ́wọ́ mi ó di ohun tí mo ń gbé síwájú ojú ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́, ojú tó sì ti rẹ̀ yóò máa rí ìlà tó ń gbọ̀n. Mo ya á dànù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwé tí mo ń kọ iye hóró sí náà fẹ́ di bẹ́ẹ̀, mo bá fi í mọ sí ìlà kan lálaalẹ́, nọ́ńbà nìkan, láìsí àpèjúwe ohun tí mo rí.

Mímí náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Imú ni mo fi ń fà á wọlé kí n tó ka ẹ̀ẹ́rin tán, mo ń tú u jáde títí dé ẹẹ́fà, ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ má gbé èémí ńlá mì. Àwọn tó ń mí kanlẹ̀ lemọ́lemọ́ ń lé carbon dioxide jáde sí i ni, òòyì á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Apá tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni sísẹ́ gàrí. Gàrí yíyan tó funfun nínú oòrùn àárọ̀ ni ibi tí okùn ojú ti ń hàn jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń sún ọmọlójú kì, òjìji á sì mú ṣáká. Mo jókòó ti asẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Okùn náà wá, ó kọjá lórí gàrí, mi ò lé e, mi ò sì gbójú sá fún un. Ọwọ́ ṣáà ń lọ, ó ń bọ̀, ẹbu ń bọ́ sílẹ̀, gàrí tó dì ń kù lórí asẹ́, mo sì ń wo gàrí tó dì náà, mo ń ṣa igi ẹ̀gẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, àyà mi ń já títí ogún ìṣẹ́jú fi pé. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti sẹ́ dé ìdajì kí n tó rántí pé okùn kan wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kán ìtọ̀, omi ọmú, omi ṣúgà tàbí oje ewé sójú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má kán an. Inú ẹyinjú ni okùn náà wà, ohun tí a ń kán sójú ò dé ibẹ̀, ó sì lè mú kí dígí iwájú ojú jẹrà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí ẹ̀wà kò dín, tí oorun kò wá, tí iṣẹ́ ń dúró, ẹ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìbẹ̀rù àti àìsàn ọkàn. Ilé ìwòsàn Àrò wà ní Abẹ́òkúta. Ìtọ́jú wà fún ìbẹ̀rù àìsàn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì túmọ̀ sí pé orí dàrú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, hóró mẹ́ta ló bọ́ sí àpò òsì lọ́jọ́ tó pọ̀ jù. Okùn náà ṣì wà lójú ọ̀tún, níwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ojú tó tún kàn, dókítà fi sí ọdún kan sí i. Mo kọ déètì náà sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, mo sì da ẹ̀wà náà padà sínú ike.