Rélùwéè ò dé Yakutsk o: ìrírí mi ní àwọn ìlú ńlá Ìlà-Oòrùn Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtilọ sí Yakutsk, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń sọdá odò. Ẹni tó bá mi gba tíkẹ́ẹ̀tì ò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin yìí gbowó iṣẹ́ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní rélùwéè ti ń dé Yakutsk báyìí, kí n fọkàn balẹ̀. Irọ́ ni. Nizhny Bestyakh ni rélùwéè ń parí sí, odò Lena ló wà láàárín ibẹ̀ àti Yakutsk, kò sì sí afárá kankan lórí ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ló ta á fún mi pé kí n lọ, ìgbà tí odò ń dì lọ́wọ́, tí fẹ́rì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí mọ́tò ò sì tíì lè gba orí yìnyín. Ìdajì owó tí mo tọ́jú fún Yakutsk ló tán sétí odò kí n tó fojú kan ìlú yẹn. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Vladivostok ni mo ti ń kàwé, yunifásítì wa wà lórí erékùṣù Russky. Mo ti pinnu pé mi ò ní kúrò ní Rọ́ṣíà láìrí àwọn ìlú ńlá tó wà lápá ibí, torí àwọn tó ń wá kàwé, Moscow àti Saint Petersburg nìkan ni wọ́n máa ń sáré lọ wò. Ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà yìí gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 lọ, Èkó nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi jìnnà sí èkejì tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa sùn, ẹ máa jí, igbó náà lẹ ó ṣì máa rí lójú fèrèsé.

Mi ò ní pẹ́ lórí Vladivostok torí ilé ni, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìlú yìí dùn ún wò. Ọdún 1860 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ló kún etíkun ẹ̀, títí di ọdún 1992 àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Afárá Russky tá à ń gbà lọ sí yunifásítì, ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, àárín òpó ńlá ẹ̀ méjèèjì tó mítà 1,104, òun ló wà lára owó 2,000 rúbù. Ní ibùdó rélùwéè, òpó kan wà tí wọ́n kọ 9288 sí lára, iye kìlómítà láti Moscow nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń yà á.

Láti ibẹ̀ sí Khabarovsk, òru kan ni nínú rélùwéè, kò sí wàhálà. Odò Amur gbòòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú yẹn débi pé mo kọ́kọ́ rò pé òkun ni. Afárá tí wọ́n kọ́ sórí ẹ̀ lọ́dún 1916 wà lára owó 5,000 rúbù. Khabarovsk ni olú ìlú gbogbo agbègbè yìí tẹ́lẹ̀ kí ìjọba tó gbé e lọ sí Vladivostok ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun wọ́n di bá a ṣe ń wí yìí. Màmá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ bu tíì fún mi, ó bi mí níbi tí mo ti wá, bí mo ṣe dárúkọ Vladivostok báyìí ló gbé ife sílẹ̀, ó ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ipò wa." Mo ní ẹ má bínú màmá, ọmọ ilé ìwé lásán ni mí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bu súgà sí i fún mi.

Blagoveshchensk náà dáa gan-an. Ẹ dúró sétí odò Amur, Heihe tó jẹ́ ìlú Ṣáínà wà ní ọ̀kánkán yín, tó bá di alẹ́ iná aláràbarà lára ilé wọn á máa tàn sórí omi. Afárá tó so Rọ́ṣíà mọ́ Ṣáínà níbẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ ẹrù kọjá láti ọdún 2022. Mo mẹ́nu kan an torí nǹkan tó bọ̀ lẹ́yìn: orílẹ̀-èdè méjì rí afárá kọ́ sáàárín ara wọn, Yakutsk tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ tó tóbi ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ò ní afárá sí òdìkejì odò ara ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ ti odò.

Mo wọ rélùwéè lọ sí Neryungri, ìlú àwọn tó ń wa èédú, ibẹ̀ ni mo ti wọ òmíràn sí Nizhny Bestyakh. Ọdún 2019 ni rélùwéè tó ń gbé èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo ń wo ọ̀tún wo òsì, mò ń wá ìlú, kò sí ìlú, ibùdó rélùwéè àti òtútù ló wà ńbẹ̀. Mo bi obìnrin kan tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ rélùwéè pé Yakutsk dà, wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ní òdìkejì omi ni, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ta ló sọ fún ọ pé kó o wá nígbà tí odò ń dì? Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Wọ́n kàn mirí ni.

Bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí nìyí, kó yé yín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, fẹ́rì ń gbé mọ́tò àtèèyàn sọdá, kò wọ́n. Tí òtútù bá ti mú dáadáa, tí yìnyín ti nípọn, ìjọba á ṣí ọ̀nà sórí odò fúnra ẹ̀, mọ́tò á máa sáré lórí ẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Àmọ́ láàárín méjèèjì, nígbà tó ń dì àti nígbà tó ń yọ́ ní oṣù karùn-ún, fẹ́rì ò lè rìn, mọ́tò ò lè rìn. Ọkọ̀ kan ló kù, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ ara ẹ̀, tó ń yọ̀ lọ lórí omi àti yìnyín, kò sì gba èrò púpọ̀. Ojúmọmọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí kùrukùru bá bo odò, kò lọ. Kùrukùru bo odò. Odò tó ṣẹ́ kù tí ò tíì dì ń yọ èéfín sínú òtútù, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń sanwó ibùsùn nílé àlejò ní Nizhny Bestyakh nìyẹn o, yàrá kan tí àwa àti àwọn awakọ̀ ẹrù jọ há sí, owó ẹ̀ sì ń lọ sókè torí wọ́n mọ̀ pé a ò ríbi lọ. Láràárọ̀ màá di ẹrù mi, màá lọ sétí odò, wọ́n á ní a ò tíì mọ̀, ẹ dúró. Inú òtútù yẹn la ó dúró sí, ìpéǹpéjú mi á máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo pe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ní rélùwéè lòun tà, òun ò ta odò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju òtútù lọ. Ìwọ lo pè é ní Yakutsk fún mi!

Ìgbà tí kùrukùru lọ ni mo tó rí odò náà. Yìnyín ńláńlá ń ṣàn lọ, ọ̀kan ń gun orí ìkejì, ó ń dún ṣàà ṣàà láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ mú igi, ó ń na yìnyín kúrò lára rọ́bà tó yí abẹ́ ọkọ̀ ká, ó nà án títí ó fi mọ́, kó tó ní ká wọlé. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n gbà, owó tó pọ̀ ju ti fẹ́rì lọ dáadáa, ẹrù sì ní owó tiẹ̀. A fún mọ́ra, báàgì lórí itan, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ká tó wí, a ti dé òdìkejì. Bó ṣe yá tó yẹn ló tún wá bí mi nínú, gbogbo owó tí mo ná àti gbogbo ìdúró yẹn, ìrìn tí ò tó nǹkan ló wà nídìí ẹ̀.

Síbẹ̀ mo dé Yakutsk, inú mi sì dùn pé mo dé ibẹ̀. Láti ọdún 1632 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dì gbagidi, kì í yọ́. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí kí ooru ilé má bàa yọ́ ilẹ̀, páìpù omi gbígbóná sì ń gba òkè kọjá títì bí ẹnu ọ̀nà. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Shergin gbẹ́ kànga níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ó gbẹ́ ẹ kọjá mítà 116, yìnyín ṣì ni, kò kan omi. Lọ́jà, ẹja dì gan débi pé wọ́n nà án ró sínú páálí, orí lókè ìrù nísàlẹ̀, wọ́n tò ó bí igi ìdáná. Wọ́n fi ọ̀bẹ fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún mi pẹ̀lú iyọ̀ àti ata, mo jẹ ẹ́, mo tún bèèrè sí i.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo tún fẹ́ lọ, ọkọ̀ òfurufú ni màá wọ̀ láti Khabarovsk tàbí Vladivostok ní oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá àti oṣù karùn-ún, kódà tó bá wọ́n jù. Rélùwéè dáa tẹ́ ẹ bá ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà yìnyín. Ẹ kó owó lọ́wọ́, káàdì Visa àti Mastercard tí wọ́n ṣe níta ò ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà láti oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn ọlọ́kọ̀ etí odò ò sì fẹ́ ìtàn. Fóònù, ẹ fi sínú aṣọ tó kan ara, òtútù á pa bátìrì ẹ̀. Orúkọ ibùdó tí rélùwéè ń parí sí ni kẹ́ ẹ wò lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má gba orúkọ ìlú tí ẹni tó ń tà á fi ẹnu sọ.

Wọ́n ti ń kọ́ afárá Lena báyìí lápá Tabaga, kò jìnnà sí Yakutsk. Magadan ló kù tí mo fẹ́ rí, ojú ọ̀nà Kolyma tó lọ síbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti Nizhny Bestyakh níbi tí mo há sí yẹn gan-an, nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Mi ò gba ibẹ̀. Mo ti ń wo owó ọkọ̀ òfurufú láti Vladivostok, èmi fúnra mi ni màá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.