Owó Tí A Ó Fi Dènà Iná Ìgbẹ́ Nílé àti Lóko

Tí ọyẹ́ bá ti mú lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, iná ìgbẹ́ kì í jìnnà mọ́. Ọdẹ á tiná bọ igbó nítorí ọ̀yà, ẹlòmíì á máa sun pàǹtí oko, afẹ́fẹ́ á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ má tíì yáwó. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kò ju àdá, ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ lọ, àáró sì tó o ṣe. Lóṣù kẹwàá, kí koríko tó gbẹ, ẹ jọ ṣán agbolé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ẹsẹ̀ bàtà 5 tó kángun sí ògiri, kó jẹ́ ilẹ̀ lásán. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ má jẹ́ kí koríko ga. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí páànù, ẹ kó igi ìdáná jìnnà sílé. Ẹyin iná wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kiri ló sábà máa ń jólé, kì í ṣe ọwọ́ iná fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ owó gidi ni pípààrọ̀ òrùlé koríko sí páànù, nẹ́ẹ̀tì onírin tí a ó fi dí ihò abẹ́ òrùlé, dúrọ́ọ̀mù omi, àti owó alágbàṣe fún oko kajú ńlá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe olówó èlé. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ máa dá a padà. Oṣù kejì sí ìkẹrin ni kajú ń mówó wọlé. Ẹni tó bá gbà láti máa san lóṣooṣù látoṣù kọkànlá ti há.

NAIC, ilé-iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tìjọba àpapọ̀, ń ṣe adójútòfò fún oko. Ìjọba ló ń san ìdajì owó adójútòfò náà lórí àwọn irúgbìn tó wà nínú ètò ìrànwọ́. Ẹ béèrè bóyá kajú wà níbẹ̀. Ilé kò sí nínú ìrànwọ́ yẹn, onílé ni yóò san tiẹ̀ pé. Ẹ ya fọ́tò oko àti ilé kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí iná bá jó o, ẹ tètè fi tó wọn létí, kí ẹ má sì tíì ro ibi tó jó títí wọn yóò fi wá wò ó.